Òru ọjọ́ tí mo pa àkọsílẹ̀ àwọn ìyá aláàdìrẹ rẹ́

Ẹ jẹ́ n tètè kọ ọ́ báyìí tí ojú ò tì mí tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ méjì kan wà tó ń kọ́ṣẹ́ kóòdù lọ́dọ̀ mi, ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo backup (ẹ̀dà data tá à ń fi pa mọ́ nítorí ọjọ́ tí èyí tá à ń lò bá bàjẹ́) sí wọn létí, wọ́n á ní "yẹs sà", mo sì ń rí i lójú wọn pé ẹ̀yìn igbá ni mò ń yín àgbàdo sí. Mi ò bá wọn wí. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà títí nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, mi ò gbọ́, àfìgbà tí owó olówó wọ̀ ọ́.

Iṣẹ́ developer ni mò ń ṣe, yàrá kan ní Àsẹ́rò ni ọ́fíìsì mi, tábìlì kan, laptop kan, inverter kan tí bátìrì ẹ̀ ti ń darúgbó. Bí ẹ bá sọ fún ará Abẹ́òkúta pé kọ̀ǹpútà lẹ fi ń jẹun, nǹkan méjì ló máa rò, yálà Yahoo lẹ̀ ń ṣe àbí dọ́là lẹ̀ ń gbà. Mi ò sí nínú méjèèjì. Lọ́dún 2023 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, oníbàárà mẹ́ta ni mo ní: iléeṣẹ́ kékeré kan l'Ékòó, iléèwé aládàáni kan, àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Àwọn ìyá yìí ló ń sanwó kéré jù, iṣẹ́ tiwọn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí mi.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ kọ app tí wọ́n ń lò. Ilé gẹ́ẹ̀mù kan ní Pánṣẹ́kẹ́ la ti mọra nígbà tá a wà ní sẹ́kọ́ńdírì. PS2 mẹ́rin, tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá mẹ́rin, fáànù kan tó ń dún ju bó ṣe ń fẹ́ lọ, 50 náírà ni gẹ́ẹ̀mù kan, ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹlòmíì. Ó máa ń nà mí ṣáá. Gbogbo ìgbà tó bá sì ti nà mí, páàdì ni mo máa ń bá wí, mo ní bọ́tìnnì X ti kú, mo ní okùn ẹ̀ ń já. Lọ́jọ́ kan ló bá gbé páàdì tiẹ̀ fún mi, ó gba tèmi, ó tún nà mí 4–0. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ páàdì yẹn sápò ná.

Iṣẹ́ app náà ò le. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ làwọn ìyá yẹn ń dá owó, app á kọ iye tí oníkálùkù dá, á ṣírò ẹni tó yá owó àti iye tó kù lọ́rùn ẹ̀, á wá fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí fóònù onítọ̀hún pé owó ti wọlé. Láyé Lísàbí, àáró làwọn Ẹ̀gbá fi ń bá ara wọn ṣoko, kò sì sẹ́ni tó máa gbàgbé ẹni tó jẹ ẹ́ ní iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ti owó náà ò yàtọ̀. Ohun tí wọ́n bẹ̀ wá sí ò ju pé ká bá wọn rántí lọ.

Àdéhùn kan wà láàárín èmi àti ọ̀rẹ́ mi látìbẹ̀rẹ̀: kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan database tí oníbàárà ń lò, ìyẹn ibi tí app ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ sí, láìjẹ́ pé ẹnì kejì kọ́kọ́ wo ohun tó fẹ́ ṣe.

Nígbà tó di Jánúárì 2023, ẹ rántí bí owó ṣe di nǹkan. Wọ́n ní 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ ò ní ṣe é ná mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 31, wọ́n tún sún un sí 10 Fẹ́búárì, tuntun ò sì sí nílẹ̀. Èèyàn á tò sídìí POS ní Sàpọ́n láti àárọ̀, á fi owó ra owó. Àwọn ìyá tó jẹ́ pé owó tí wọ́n ká sí etí aṣọ ni wọ́n ń kó wá tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ transfer, orúkọ tó ń jáde wá di ti ọkọ, ti ọmọ, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n, ti ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn fi ránṣẹ́. App wa ò mọ̀ wọ́n rí. Dípò kí n jókòó kọ ojú ewé kan tí akọ̀wé ẹgbẹ́ á ti máa so owó mọ́ ẹni tó ni í, ṣe ni mò ń wọ inú database lọ lójoojúmọ́, mò ń fọwọ́ tún un ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ewé yẹn ò lè gbà ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Mi ò rí ọjọ́ mẹ́ta. Òṣèlú àti gẹ́ẹ̀mù ti pín in láàárín ara wọn.

Gẹ́ẹ̀mù lákọ̀ọ́kọ́. FIFA 23 ni, gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù, Ultimate Team ẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé inú páàkì tí wọ́n dì pa lẹ ti ń rí àgbábọ́ọ̀lù, ẹ ò lè mọ ẹni tó wà níbẹ̀ títí ẹ máa fi sanwó. Wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára ẹ̀ fún yín, pé ìrètí àtirí ògbóǹtarìgì àgbábọ́ọ̀lù ò tó 1%, ẹ ẹ́ rí i kedere, ẹ ẹ́ tún rà á. Èmi tí mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, èmi tí mo lè kọ irú ẹ̀ fúnra mi láàárín wákàtí kan! Orílẹ̀-èdè Belgium ti sọ látọdún 2018 pé tẹ́tẹ́ ni irú nǹkan báyìí, tí iléeṣẹ́ tó ni gẹ́ẹ̀mù náà fi jáwọ́ nínú títa point, owó inú gẹ́ẹ̀mù tí wọ́n fi ń ra páàkì, níbẹ̀. Nígbà tí mo padà ṣírò ohun tí káàdì dọ́là mi ná láàárín oṣù márùn-ún, 214 dọ́là ni. Inverter mi ń ké pípì-pípì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní gbogbo àsìkò yẹn pé òun fẹ́ bátìrì.

Òṣèlú wá ńkọ́. Mi ò ní sọ ẹni tí mo dìbò fún, ẹ má bi mí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ lẹni tí ọ̀rẹ́ mi ń ṣe, ọ̀tọ̀ ni tèmi. Nínú gúrúpù WhatsApp àwọn ọmọ kíláàsì wa ló ti gbé nǹkan kan síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo bá dá a lóhùn pé ìrẹsì àpò kan ni wọ́n fi ra òun àti gbogbo ará ilé ẹ̀. Ará ilé ẹ̀! Ìyá tó ti fún mi ní láfún jẹ láìmọye ìgbà. Ó kà á, kò fèsì, ó jáde nínú gúrúpù. Ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dìbò nìyẹn, a ò sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo ti ronú sí i lẹ́yìn náà. Àwọn ìyá ńlá wa nílùú yìí, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó sòdí, bá owó orí jà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ààfin, wọn ò sinmi títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ lọ́dún 1949. Èmi ò dé ìpàdé wọ́ọ̀dù kankan rí láyé mi. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo dùbúlẹ̀ sí tí mò ń fi àtàǹpàkò bú ìyá olóore.

Sátidé, 25 Fẹ́búárì. Mo lọ dìbò, mo tò láti àárọ̀, ẹ̀rọ BVAS yẹ ojú mi wò, ó dá mi mọ̀. Nírọ̀lẹ́ a dúró ka ìbò, wọ́n lẹ fọ́ọ̀mù EC60E, ìwé èsì ibùdó wa, mọ́ ògiri, mo ya á ní fọ́tò. Mo délé, mo tan laptop, mo ṣí IReV tí wọ́n ní èsì gbogbo ibùdó ìdìbò á ti máa jáde. Ti Sẹ́nétọ̀ ń wọlé, ti Reps ń wọlé, ti ààrẹ ò wọlé. Mo ń refresh. Aago mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sórí Twitter, tí mo bá wò ó báyìí, màá kàn rọra pa fóònù dé. Mo ní ọmọṣẹ́ mi tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta á kọ ọ́ dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní irú developer wo ló ń gbé nǹkan jáde láì test ẹ̀. Àwọn èèyàn ń fẹ́ràn ẹ̀, wọ́n ń pín in kiri, orí mi ń wú.

Inú tó ń bí mi ni mo gbé wọnú gẹ́ẹ̀mù. Ọmọ kan tí mi ò mọ orílẹ̀-èdè ẹ̀ nà mí 5–1. Mo ra páàkì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tún ra òmíràn.

Aago méjì kọjá 40 ìṣẹ́jú lóru ni mo rántí pé Ìyá Akọ̀wé ti fi voice note ránṣẹ́ láti Fráídè, pé owó ìyá kan ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì nínú app, kí n bá òun yọ ọ̀kan kúrò kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Nǹkan ìṣẹ́jú kan ni. Ká ní èmi àti ọ̀rẹ́ mi ṣì ń sọ̀rọ̀ ni, màá fi ránṣẹ́ sí i, á sì ní kí n lọ sùn. Mo ṣí database. Ìlà méjì ni mo kọ ọ́ sí, DELETE FROM payments lókè, WHERE tó sọ èyí tí mo fẹ́ pa rẹ́ nísàlẹ̀. Mo fi mouse fa ìlà tí mo fẹ́ run, ọwọ́ mi ò bá a dé ìsàlẹ̀, ìlà òkè nìkan ló mú. Mo tẹ Run.

DELETE 1, ìyẹn pé àkọsílẹ̀ kan ló pa rẹ́, ló yẹ kó sọ fún mi. DELETE 11382 ló sọ.

Etí mi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Mo pa laptop dé wẹ́rẹ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jí ẹran nínú ìkòkò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo tún ṣí i, mo ka iye tó wà níbẹ̀, òdo. Mo wá sọ fún ara mi pé kò burú, backup wà, mo ti ṣètò ẹ̀ látìgbà tá a bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́ta òru lójoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Mo wọ folda ẹ̀, mo rí fáìlì ti àná, ti ìjẹta, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, gbogbo wọn tò lọ rẹrẹẹrẹ pẹ̀lú déètì wọn, ọkàn mi balẹ̀. Ìgbà náà ni mo wá wo bí wọ́n ṣe tóbi tó. 0. 0. 0. 0. Mo ti pààrọ̀ password database ní Ọkitóbà, mi ò rántí pààrọ̀ ẹ̀ nínú script tó ń ṣe backup, àtọjọ́ náà ló ti jẹ́ pé lóròòru ló ń gbé agbè lọ sódò, tó ń gbé e bọ̀ lófìfo, tó sì ń tò ó síbẹ̀ fún mi. Èyí tó dáa kẹ́yìn, 9 Ọkitóbà 2022. Oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ ti lọ.

(Nígbà tó yá ni mo kà nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní GitLab, tí gbogbo ayé ń kó kóòdù pa mọ́ sí, ní 31 Jánúárì 2017. Ẹnjiníà wọn kan rò pé orí server kejì (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú data) lòun wà, ó pa data rẹ́ lórí èyí tí àwọn èèyàn ń lò. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní láti fi dá a padà, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, pg_dump, irinṣẹ́ tó ń ṣe backup fún wọn, ti ń kùnà tipẹ́, ímeèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn ò wọlé. Ohun tó gbà wọ́n ò ju ẹ̀dà kan tí ẹnì kan ṣèèṣì ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Àmọ́ wọ́n sọ ọ́ fáyé gbọ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n tiẹ̀ gbé àtúnṣe náà sórí YouTube kí gbogbo èèyàn máa wò ó. Ibi tí èmi àtàwọn ti yàtọ̀ nìyẹn.)

Torí irọ́ ni mo pa. Àárọ̀ Sọ́ńdè mo fi ránṣẹ́ sí Ìyá Akọ̀wé pé "Ẹ káàárọ̀ mà, network ń yọ app lẹ́nu díẹ̀, a ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀." Nígbà tó yá lọ́jọ́ náà ni INEC gbé ọ̀rọ̀ jáde pé ìṣòro ìmọ̀ ẹ̀rọ ló fa ìdádúró IReV. Mo kà á. Ẹ̀rín pa mí, irú ẹ̀rín tó jẹ́ pé ẹkún ló kàn. Àwa méjèèjì ń bá páàdì wí.

Mọ́ńdè wọ́n ṣèpàdé láìsí app. Mo tún ní network ni. Nǹkan tí irọ́ náà gbà lọ́wọ́ mi pọ̀ ju ohun tí DELETE gbà lọ, torí ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń fara pamọ́, àwọn ìyá yẹn ń sanwó lọ, àwọn tẹ́ẹ̀sì kan ń kúrò lórí fóònù wọn, ọ̀rọ̀ ń ta kókó sí i.

Wẹ́sidé, 1 Máàṣì, ọjọ́ tí wọ́n kéde ẹni tó wọlé ìbò ààrẹ, ni mo lọ sí Ìtòkú. Nínú táàsì, dírẹ́bà àti obìnrin iwájú ń jà lórí ẹ̀, wọ́n bi mí pé kí ni tèmi, mo ní mi ò mọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ láàárín oṣù mẹ́ta nìyẹn tí mi ò mọ nǹkan kan nípa òṣèlú.

Ìyá Akọ̀wé ti lé ní 60, tíṣà fẹ̀yìntì ni wọ́n, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń tà. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ẹ̀. Wọn ò dá iṣẹ́ ọwọ́ wọn dúró, wọ́n ń ká aṣọ lọ. Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé kì í ṣe network. Network tèmi ń lọ dáadáa lọ́jọ́ yẹn, mo bá ọmọ mi tó wà ní Canada sọ̀rọ̀." Wọ́n wá na ọwọ́ sábẹ́ òkìtì aṣọ, wọ́n fa ìwé ọmọléèwé mẹ́ta yọ, olójú ewé 60, bírò búlúù ẹni tó sanwó, bírò pupa ẹni tó yáwó, ìka ìtẹ̀ka àwọn tí ò lè kọ̀wé létí ẹ̀.

Mo ní, "Mọ́mì, ṣebí a ní kí ẹ má kọ ọ́ mọ́."

Wọ́n ní, "Ẹ ní kí n má kọ ọ́ mọ́. Mo ní mo gbọ́. Ṣé mo ní mi ò ní kọ ọ́?"

Ohun tó kàn ló nira jù. Ìwé mẹ́ta ò lè jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan, mo sì mọ ẹni tó yẹ kí n pè. Mo kọ lẹ́tà gígùn kan sí ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp, mo pa á rẹ́ (pípa nǹkan rẹ́ ṣáà ni mo mọ̀ ọ́n ṣe), mo tún kọ, mo tún pa. Nígbẹ̀yìn mo pè é. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ ìyá ẹ̀, kó má di pé torí pé mo nílò ẹ̀ ni. Ó dákẹ́. Mo wá sọ ti database. Ó tún dákẹ́, ó wá ní, "Ìwọ náà ti ṣe INEC fún wa." Ó ti dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣe é. Ẹ jẹ́ n dúró níbí díẹ̀ torí ẹni tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí máa nílò ẹ̀. Tí data bá lọ nínú database, ẹ má rò pé ó ti lọ nínú ayé, ẹ wá ibi tó bá kọjá. Iléeṣẹ́ tó ń bá wa fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ ní àkọsílẹ̀ gbogbo tẹ́ẹ̀sì tá a ti fi ránṣẹ́, orúkọ, iye, àkókò, mi ò rántí ẹ̀ rárá, ọ̀rẹ́ mi ló rántí. Statement báńkì ẹgbẹ́ wà. Fọ́tò rìsíìtì wà lórí WhatsApp àwọn ìyá. A to gbogbo ẹ̀ pọ̀, a fi ìwé Ìyá Akọ̀wé ṣe olórí, torí ìwé yẹn nìkan ni ẹni tó ni owó ti fọwọ́ sí. Ibi tá a ti ń ṣe é la ti rí ohun tó tì mí lójú ju píparẹ́ gan-an lọ: ibi 37 wà tí ohun tó wà nínú tẹ́ẹ̀sì àti ohun tó wà nínú ìwé ò ti bára mu, tí ìwé sì tọ̀nà. Ọwọ́ tí mò ń fi tún un ṣe lójoojúmọ́ ló ti ń bà á jẹ́. Ìyá kan wà tí 6,500 náírà ẹ̀ ti wọ orúkọ ẹlòmíì láti Jánúárì, ó ti sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ní kọ̀ǹpútà ò kì í ṣìṣe.

Ìsanwó 14 ló ṣẹ́kù tá ò rí ìdí ẹ̀, àwọn ìyá sọ iye tí wọ́n san, ìwé ò fi hàn kedere torí omi ti kán sí ojú ewé náà. A ò bá wọn jiyàn. 41,200 náírà lápapọ̀, èmi ni mo san án.

Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ báyìí ti yàtọ̀. Mo máa ń kọ BEGIN kí n tó kọ ohunkóhun tó ń pa nǹkan rẹ́, tí iye tó jáde ò bá jẹ́ iye tí mo retí, màá kọ ROLLBACK, gbogbo ẹ̀ á padà sí bó ṣe wà, ó tán. Fèrèsé database àwọn oníbàárà, mo ti kùn ún ní pupa, ti test jẹ́ dúdú, ojú tó ń tòògbé náà á rí i, àti pé orúkọ tí mo fi ń wọlé lójoojúmọ́ ò lágbára láti pa ohunkóhun rẹ́, àfi kí n lọ mú òmíì wá, kí n tó mú un wá ọpọlọ á ti padà sílé. Ọjọ́ kìíní oṣù, mo máa ń gbé backup sórí laptop mi àtijọ́, màá tú u síbẹ̀, màá ka iye ìlà tó wà nínú ẹ̀. Backup tẹ́ ẹ ò tíì tú wò, ìrètí lásán lẹ tò sí folda. Tí ti òru bá sì ṣe tán, ó ń fi iye tó tóbi tó ránṣẹ́ sí fóònù èmi àti ọ̀rẹ́ mi láràárọ̀, tí ilẹ̀ bá mọ́ tí mi ò rí nǹkan kan, mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

Nígbà tí INEC gbé ìròyìn ìdìbò náà jáde lọ́dún 2024, mo jókòó ka apá tó jẹ mọ́ IReV. Wọ́n ní ètò náà ń wá ìpínlẹ̀ tí èsì kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìbò ààrẹ ò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan, gbogbo orílẹ̀-èdè ni, server bá ń dá error padà. Mo gbà á gbọ́ ní ti pé mo mọ irú bug yẹn, mo ti kọ ọ́ rí. Ẹdó àti Oǹdó lọ́dún 2020, Èkìtì àti Ọ̀ṣun lọ́dún 2022, ìbò tó ní ìpínlẹ̀ ni gbogbo wọn, ó máa ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní ṣé mo ti rí i báyìí pé àṣìṣe ni. Mo ní mo rí i, àṣìṣe tí wọn ì bá ti rí ká ní wọ́n fi ìbò ààrẹ ayédèrú kan dán an wò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ní ṣé ìwọ dán tìẹ wò? Mo ní rárá, àmọ́ mo san 41,200. Ibẹ̀ la máa ń dé tí ìjà á tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ojúkojú la sì ti ń jà á báyìí, kò sí ti WhatsApp mọ́.

Mo ṣì ń gbá gẹ́ẹ̀mù o, ẹ má rò pé mo ronú pìwà dà. Páàkì ni mi ò rà mọ́, owó ẹ̀ ló di bátìrì inverter. Sátidé ni ọ̀rẹ́ mi máa ń wá, páàdì méjì, console ò sí ní yàrá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tí wọ́n bá nà ló máa dìde lọ ra ohun mímu. Mo ti mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn dáadáa.

Fráídè àkọ́kọ́ oṣù, mo máa ń lọ sí Ìtòkú lọ ya ìwé Ìyá Akọ̀wé ní fọ́tò, ojú ewé kan tẹ̀lé ìkejì, bí mo ṣe ya EC60E lọ́jọ́ yẹn. Oṣù tó kọjá wọ́n ní ojú ti ń dùn wọ́n, pé níwọ̀n ìgbà tí app ti ń lọ dáadáa báyìí, ṣé kí wọ́n má kọ ọ́ mọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsọ̀ ìwé tó wà ní ìsàlẹ̀, mo ra olójú ewé 80 mẹ́fà tí ìlà inú ẹ̀ fẹ̀, àti bírò, búlúù mẹ́ta, pupa mẹ́ta.